Ẹ Wá Ẹgbẹ́ Kí Ẹ Tó Wá Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé gúúsù London

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun tí páálí ẹrù ṣì dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ òní kàn jù. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tó ń gùn ún ní apá Peckham títí dé Herne Hill, níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí dáadáa.

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé, “Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ná. Ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ mi le díẹ̀. Tó bá yá, màá wá ẹgbẹ́ kan dara pọ̀ mọ́.” Mo mọ ohun tó fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń sọ ọ́ kò fẹ́ di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Àmọ́ ìdí la ti ń gun igi. Ẹgbẹ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá. Àwọn ló máa fọ̀nà hàn án, àárín wọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á sì ti le. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àlejò ò fi ojú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, bọ́ọ̀sì ló fi ń mọ ìlú. Ó wọ bọ́ọ̀sì 53 lọ síbi iṣẹ́, ó wọ̀ ọ́ bọ̀, ó wá mọ Old Kent Road láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ra kẹ̀kẹ́, ọ̀nà bọ́ọ̀sì yẹn náà ló máa gbé e gbà, torí òun nìkan ló mọ̀. Old Kent Road! Títì tí bọ́ọ̀sì alájà méjì, ọkọ̀ akẹ́rù àti mọ́tò tó ń sáré lọ sí Kent jọ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Yóò gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyà rẹ̀ á já, kẹ̀kẹ́ á wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lápá àríwá títì yẹn, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Cycleway 10, tó ti Waterloo lọ dé Greenwich. Inú àwọn òpópónà tí mọ́tò ò pọ̀ sí ló ń gbà jù, ó gba Bermondsey kọjá, àwọn tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹni tó ń wo ìlú látinú bọ́ọ̀sì ò lè mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀kan tún rèé tó wù mí láti máa sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé Peckham, ilé aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, ọ̀nà kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tó lọ tààrà dé Burgess Park. Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ fún ọkọ̀ ojú omi, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó pákó wọ Peckham. Nígbà tí òwò náà kú, wọ́n gbẹ omi rẹ̀, wọ́n sì dí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi tẹ́jú pẹrẹsẹ: omi kì í gun òkè, ibi tó bá sì ti dúró sí rí kì í nira fún ẹsẹ̀ tí kò tíì le. Bí mo bá fẹ́ kí ẹni tó ti tó ogún ọdún tó gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn tún bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni màá mú un lọ. Àmọ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àtàwọn ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ jọ ń lò ó ni o. Ẹ rọra gùn, ẹ lu agogo kẹ̀kẹ́ yín lókèèrè, ẹ kí wọn.

Òfin tún wà: apá òsì títì ni wọ́n ń gbà níbí. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Àwọn bàbá wa tó gun Raleigh lọ sóko tàbí tí wọ́n fi gbé ẹmu lọ sọ́jà ṣáájú ìgbà yẹn, apá òsì ni wọ́n mọ̀, bíi ti Nottingham níbi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà nígbà náà. Àwa tá a dàgbà lẹ́yìn wọn, ọ̀tún ló wà lára wa. Ẹni tó ń wa mọ́tò máa ń tètè bọ́ sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn ọkọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ló ń fi ọ̀nà hàn án. Ti oníkẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Ní kùtùkùtù tí títì dá, bó bá yọ láti òpópónà kékeré kan, ara rẹ̀ lè gbé e bọ́ sápá ọ̀tún kó má tilẹ̀ fura. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ ni yóò pàdé lójúkojú. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín èèyàn mẹ́fà tí gbogbo wọn ń yà sósì, ara yín á kọ́ ọ, ẹ ò ní máa ronú rẹ̀ mọ́.

Gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lòdì sófin ní England, òfin ọdún 1835 ló sì kà á léèwọ̀ títí dòní. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, dandan ni kí iná funfun wà níwájú kẹ̀kẹ́, kí iná pupa wà lẹ́yìn, kí ike pupa tó máa ń dán bí iná mọ́tò bá kàn án wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fojú kékeré wo èyí: nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní London kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òfin ò fi àṣíborí ṣe dandan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò ní gbà kẹ́ ẹ bá wọn jáde láìdé e. Èmi náà wà lẹ́yìn wọn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n tún ìwé ìlànà ojú títì ṣe, ìyẹn Highway Code. Ó sọ pé kí awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ fi ó kéré tán mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, bí eré rẹ̀ ò bá ju 30 máìlì ní wákàtí lọ. Ó tún sọ pé oníkẹ̀kẹ́ lè bọ́ sáàárín ojú ọ̀nà tirẹ̀ láwọn òpópónà tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí, tàbí níbi táwọn ọkọ̀ ti ń rọra lọ, tàbí tó bá ń sún mọ́ oríta tàbí ibi tí ọ̀nà ti fún. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti máa ń le fún àwọn èèyàn wa. Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé ká yà fún ẹni tó jù wá lọ, la bá gbé ìwà yẹn dé ojú títì, a wá ń gun kẹ̀kẹ́ nínú gọ́tà nítorí pé ọkọ̀ tóbi jù wá lọ. Nínú gọ́tà yẹn ni irin ojú ihò omi wà, ibẹ̀ ni ìgò tó fọ́ máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ náà sì ni ilẹ̀kùn mọ́tò tó dúró ti máa ń ṣí gbáà síni lójú. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ yín tààrà. Kì í ṣe àfojúdi. Ohun tí ìwé ìlànà sọ nìyẹn, àwọn awakọ̀ sì tètè máa ń rí ẹni tó wà níwájú wọn ju ẹni tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí tó kàn yìí ju ìyókù lọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá dúró níbi iná títì, tí àyè sì wà lápá òsì rẹ̀, ẹ má ṣe wọ ibẹ̀. Ibi táwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kú sí nìyẹn. Awakọ̀ ga lókè, ìjókòó rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lápá òsì sì ṣókùnkùn sí i. Bó bá fẹ́ yà sósì, imú ọkọ̀ á kọ́kọ́ lọ síwájú bí ẹni pé kò yà, ìdí ọkọ̀ á wá gé kọ́nà wọlé, yóò sì fún ohun tó bá wà níbẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ títì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ oríta ní àpótí tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí níwájú iná, tí ọ̀nà tóóró kan sì ń gba apá òsì lọ síbẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti wà níbẹ̀, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ.

Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la wà lórí rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan máa wò ó pé ohun tí mo sọ yìí tó láti dẹ́rù báni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún un. Àwọn kánsù London máa ń fún àgbàlagbà tó ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́, tàbí tó ń kàwé ládùúgbò wọn ní olùkọ́ kẹ̀kẹ́, tó fi mọ́ ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Olùkọ́ náà á bá yín gun ọ̀nà tẹ́ ẹ máa lò gan-an, á fi oríta tó léwu hàn yín. Mo ti rí àwọn ìyá tó ti lé láàádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ yìí, kẹ́ ẹ wá ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹgbẹ́.

Báwo ni ìrìn ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí? Ẹ jẹ́ n mú yín débẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Wọ́n pàdé lẹ́nu géètì pápá kan. Ẹni tó máa ṣíwájú béèrè àwọn tó jẹ́ tuntun, ó béèrè orúkọ wọn, ó sì mú ẹnì kan tó mọ ọ̀nà dáadáa sẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Wọ́n fọwọ́ tẹ táyà wò bóyá afẹ́fẹ́ kún un. Wọ́n tẹ búréèkì iwájú, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ síwájú, ìdí kẹ̀kẹ́ á gbé sókè díẹ̀ bí búréèkì bá mú. Wọ́n wo ṣéènì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbéra.

Ẹ wá wo ọwọ́ wọn. Aṣíwájú rí kòtò, ó nawọ́ sí i lápá ibi tó wà. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà nawọ́ sí i, ẹni kẹta, ẹni kẹrin, títí dé ẹni ìkẹyìn tí kò lè rí ilẹ̀ iwájú nítorí ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn. Mọ́tò kan dúró lápá òsì: aṣíwájú mú ọwọ́ òsì sẹ́yìn ìdí, ó ń jù ú sápá ọ̀tún, gbogbo ìlà á sì rọra yà sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń jó ijó kan náà. Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn: ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ké sí àwọn tó wà níwájú. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ kan ń ké yàtọ̀ sí ti òmíràn, tó jẹ́ pé ohun kan náà tó túmọ̀ sí iwájú níbì kan lè túmọ̀ sí ẹ̀yìn níbòmíràn. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹnikẹ́ni ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó máa ń gbé èèyàn ṣubú láàárín ẹgbẹ́ ni kí táyà iwájú rẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó ṣíwájú rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá yà díẹ̀ pẹ́rẹ́, táyà méjèèjì á kan ara wọn, ẹni ẹ̀yìn ló sì máa ṣubú, torí táyà iwájú ló fi ń darí kẹ̀kẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ títí ara yín á fi mọ́ ọn.

Ẹgbẹ́ wo wá ni kẹ́ ẹ lọ? Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ni wọ́n. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń jà fún ọ̀nà tó dáa, àwọn kan ń ṣeré ìtura lásán. London Cycling Campaign, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ní ẹ̀ka káàkiri àdúgbò. Southwark Cyclists ni ti apá Peckham. Irú wọn ni mo máa kọ́kọ́ darí àlejò sí, torí pé àwọn tó ń bá kánsù sọ̀rọ̀ nípa oríta kọ̀ọ̀kan ló mọ oríta jù. Ní Brixton, ilé ìtajà Brixton Cycles wà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló jọ ni ín láti ọdún 1983, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Fún àwọn obìnrin tí kò fẹ́ bá ọkùnrin jáde, pàápàá àwọn ìyá wa Mùsùlùmí, JoyRiders wà tó bẹ̀rẹ̀ ní Walthamstow, obìnrin ló ń ṣíwájú obìnrin níbẹ̀. Wheels for Wellbeing ní kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ wà, àti irú mìíràn fún àwọn aláàbọ̀ ara. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wo eré tí wọ́n kọ sí ìrìn náà. Máìlì 10 sí 12 ní wákàtí kan dára fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; bí wọ́n bá kọ 18, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ “no drop” sí i, wọn ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Àárọ̀ Sunday ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń sáré máa ń lọ ìrìn wọn tó jìn. Ìgbà yẹn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé ohun tó lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ìrìn Sátidé tàbí ti ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, wọ́n kàn lè má mọ̀ pé ẹ nílò rẹ̀ ni.

Herne Hill ńkọ́? Pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀, ọdún 1891 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti sáré kẹ̀kẹ́ nígbà ìdíje Òlíńpíìkì London ní 1948. Bradley Wiggins tó gba Tour de France ní 2012, ọmọdé ló wà nígbà tó ń gùn níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn tuntun, wọ́n sì ń yá wọn ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà ò ní búréèkì. Bí táyà bá ṣì ń yí, pẹ́dàlì náà á máa yí, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń báni lẹ́ẹ̀kíní, àmọ́ kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí iná títì, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń gùn ún.

Pápá yìí náà ni Maurice Burton ti dàgbà nínú eré kẹ̀kẹ́, ọmọ Catford tí bàbá rẹ̀ wá láti Jamaica. Ní 1974 ló di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú eré kẹ̀kẹ́, àwọn òǹwòran kan sì hó lé e lórí níbi tí wọ́n ti ń fún un ní ẹ̀bùn. Ó lọ ń sáré ní Belgium, ó padà wá, ó sì gba ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ De Ver ní Streatham, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí lábẹ́lẹ̀: “Ṣé wọ́n á gbà wá?” Ìbéèrè gidi ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ League of American Wheelmen fi òfin lé aláwọ̀ dúdú síta ní 1894, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Marshall Taylor, aláwọ̀ dúdú, gba ipò kìíní àgbáyé ní Montreal. Ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ náà tó fagi lé òfin ọ̀hún. Orúkọ Taylor ni àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ wá ń sọ ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn káàkiri ìlú. Ní London níbí, Mani Arthur dá Black Cyclists Network sílẹ̀ ní 2018, wọ́n sì ń gba gbogbo èèyàn. Bẹ́ ẹ bá dé ẹgbẹ́ kan tí wọn ò kí yín, ẹ lọ sí òmíràn. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fìyà jẹ ara yín.

Ti owó kò gba àkókò. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó dáa ti tó, ẹ má ra èyí tí ẹni tó ń tà á ò lè fi rìsíìtì rẹ̀ hàn. Ẹ nawó sí àgádágodo tó le, ẹ fi irin kẹ̀kẹ́ àti táyà ẹ̀yìn kọ́ mọ́ òpó. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí pẹ́dàlì so mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi orúkọ kẹ̀kẹ́ sí BikeRegister, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọlọ́pàá sì ń yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n bá rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí. Ẹ̀yin ìyá tó máa wọ ìró tàbí jalàbíà, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbésẹ̀ kọjá láìgbé aṣọ sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, tẹ́ ẹ ti mọ Cycleway 10 àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé, ẹ̀bẹ̀ mi dọwọ́ yín. Àbúrò yín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń wọ bọ́ọ̀sì 53, ó sì ń ronú àtira kẹ̀kẹ́. Ẹ pè é lónìí, ẹ bá a fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní kánsù, kẹ́ ẹ sì bá a jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó máa bá ẹgbẹ́ rìn.